Ẹni Tí Ó Gbé Ìkòkò Sílẹ̀

Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta nígbà tí kókò gbígbóná bó o lápá òsì. Kókò ni àwa tí wọ́n bí sí Àkrà ń pe ẹ̀kọ mímu. Ó máa ń ki, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Dọ́kítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó burú ju omi gbígbóná lásán lọ, nítorí pé omi á ṣàn kọjá lára ọmọ, ṣùgbọ́n kókò á dúró síbẹ̀, á máa jó o lọ.

Àdúgbò Kotobabi là ń gbé nígbà náà, ibẹ̀ náà la ṣì wà. Yàrá méjì la gbà nínú agbo ilé kan tí ó ní àgbàlá láàárín, ẹ̀rọ omi kan fún gbogbo ayálégbé, àti ibi ìdáná tiwa tí a fi páànù bò lórí, tí kò ní ilẹ̀kùn. Àwa mẹ́rin ni: èmi, ọkọ mi, ọmọ wa, àti ìyá ọkọ mi tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Àkrà ni wọ́n bí èmi àti ọkọ mi sí. Màmá ní tirẹ̀ wá láti ilé, láti apá Ọ̀yọ́, nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin. Ó ta ata gígún lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ìgbàgbé ti ń bá a fínra díẹ̀díẹ̀. Ó lè bi èèyàn ní ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí oòrùn tó mú. Ó lè fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, òun náà á sì bá wa rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní ọjà Kantamanto. Kì í ṣe aṣọ tuntun ni mò ń rán. Aṣọ àlòkù tí wọ́n ń kó ti òkè òkun dé ni mò ń tún ṣe: mo máa ń dín ìbàdí ṣòkòtò kù, mo máa ń pààrọ̀ síìpù, mo máa ń sọ ẹ̀wù ńlá di kékeré. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń tú ẹrù tuntun, ẹni tí kò bá tètè dé kò ní rí iṣẹ́ gbà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ náà.

Mo se kókò tán, mo gbé e kúrò lórí iná. Tábìlì tí mo máa ń gbé ìkòkò lé kún fún ṣòkòtò tí mo ti tún ṣe, mi ò sì fẹ́ kí èérú kàn wọ́n. Mo bá gbé ìkòkò náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà ibi ìdáná, lápá ọ̀tún, kí ó lè tutù díẹ̀. Fóònù mi dún nínú yàrá. Oníbàárà kan ni, ó ń béèrè ṣòkòtò rẹ̀. Mo mú méjì mẹ́ta lórí tábìlì, mo wọlé lọ wo èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ lábẹ́ iná. Mo ti rò ó títí láti ìgbà náà. Kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Màmá wà nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ abọ́. Ọmọ ń sáré kiri àgbàlá. Mo gbọ́ igbe kan tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọmọ mi ló ni ín. Nígbà tí mo máa fi jáde, tèmi ti ṣòkòtò lọ́wọ́, Màmá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣáájú mi. Mi ò mọ bí orúnkún yẹn ṣe gbé e. Ọmọ ti kọsẹ̀, apá rẹ̀ ti wọ inú ìkòkò dé òkè ìgbọ̀nwọ́, ìkòkò sì ti dà nù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Màmá gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ, ó ṣí omi sí apá náà, kò sì jẹ́ kí ó yẹ̀ kúrò lábẹ́ omi. Ará ilé kan gbé ẹyin wá, ó ní kí a fọ́ ọ sí i. Ẹlòmíràn mú ọṣẹ ìfọyín dé. Màmá kò gbà. Omi nìkan, omi nìkan, ohun tí ó ń wí nìyẹn títí a fi rí takisí.

Ọkọ mi, tí ó ń tún fíríìjì ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan, bá wa ní ilé ìwòsàn. Ó yẹ kí n sọ èyí kí ọ̀rọ̀ mi lè yéni. Nínú oṣù yẹn gan-an, ọkọ mi ti fi ẹsẹ̀ gbá ìkòkò omi gbígbóná tí mo gbé sílẹ̀. Inú bí i púpọ̀. Ó ní bí mo bá tún gbé ohun gbígbóná sílẹ̀ tí ó sì ṣe ọmọ òun léṣe, kí n má ṣe wá bá òun sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ẹni tí ń nà mí, kì í ṣe ẹni tí ń bú mi. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti sọ báyìí, ó máa ń dúró lórí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tí ó gbà wá wọlé béèrè bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, mo sọ fún un. Ó béèrè ẹni tí ó gbé ìkòkò sílẹ̀. Ọkọ mi dúró tì mí, ó ń wo ẹnu mi.

“Màmá ni,” mo ní.

Mi ò pète rẹ̀. Ó kàn jáde lẹ́nu mi bí ìgbà tí èèyàn bá na ọwọ́ kí ó má baà ṣubú. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkọ mi di ojú, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀. Wọ́n pè wá wọlé, ọ̀rọ̀ sì kọjá síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni èmi àti ọmọ mi lò nínú wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí iná jó. Ìyá kan péré ni wọ́n máa ń gbà láyè fún ọmọ kan, wọn kì í sì fẹ́ kí ó máa wọlé máa jáde, nítorí kòkòrò àrùn. Wọ́n fún mi ní ẹ̀wù gígùn kan tí mò ń wọ̀ lé aṣọ mi lórí, àti ìbòmú. Fèrèsé kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé ṣí. Láti ẹ̀yìn gíláàsì ni ọkọ mi ti ń wò wá, á gbé fóònù sétí, èmi náà á gbé tèmi, a ó sì máa wo ara wa bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fi ọjọ́ kan sinmi, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n máa ń tú báńdéèjì ọmọ. Àwa ìyá kì í sí níbẹ̀. A máa jókòó sórí bẹ́ńṣì níta yàrá náà, a ó máa gbọ́. Kò sí ibi tí èèyàn lè lọ tí kò ní gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kejì tí a débẹ̀, obìnrin kan wá bá mi pẹ̀lú fáìlì lábíyá. Nọ́ọ̀sì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń tọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa béèrè ọ̀rọ̀. Nínú ọkàn mi ni mo ti sọ ọ́ ní Oníbéèrè. Ó jókòó tì mí, ó bi mí bóyá Alátà ni wá, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní Yorùbá kò yé òun, ṣé kí a máa sọ Twi. Ó wá ṣàlàyé pé àwọn dọ́kítà ń ṣe ìwádìí kan nípa àwọn ọmọdé tí iná tàbí omi gbígbóná bá jó nínú ìlú yìí. Wọ́n fẹ́ mọ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe sí ojú egbò, èyí tí ó ń jinná dáadáa àti èyí tí awọ rẹ̀ máa ń fà tí apá fi ń ká kò. Òun á bi mí léèrè lónìí, òun á tún bi mí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òun á sì wá sílé wa lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó ní mo lè kọ̀. Bí mo bá kọ̀, ìtọ́jú ọmọ mi kò ní yí padà. Bí mo bá sì gbà lónìí, mo lè fi sílẹ̀ lọ́la.

Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì pé mo lè kọ̀. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé ìyá tí ó bá kọ̀, wọ́n á ní kí ló ń fi pa mọ́. Mo bọwọ́ lùwé.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ẹni tí ó gbé ìkòkò sílẹ̀. Mo sọ ohun tí mo ti sọ fún nọ́ọ̀sì, torí ó ti wà nínú ìwé ilé ìwòsàn, mi ò sì lè sọ ohun méjì. Ó béèrè ọjọ́ orí Màmá. Mo sọ ọ́. Ó béèrè bóyá ojú rẹ̀ ríran dáadáa. Mo ní ó ríran. Ó béèrè bóyá ó ní àìlera kankan. Mo ní orúnkún ń dùn ún. Ó béèrè bóyá ó máa ń gbàgbé nǹkan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Irọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú fọ́ọ̀mù náà, òótọ́ tó kù sì wá tò yí i ká bí ògiri.

Ó béèrè ẹni tí ó fi omi sí ojú egbò. Mo ní Màmá ni. Ó gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní dọ́kítà ti sọ pé ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ló gba àwọn ìka ọmọ náà là, kí n bá òun kí i.

Ọkọ mi ló sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nílé fún mi, láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ó ní òun kò pariwo mọ́ Màmá. Òun kàn bi í ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Màmá ní òun kọ́, ìdí ẹ̀rọ omi ni òun wà. Lọ́jọ́ kejì, ó ní bóyá òun ni, òun kò rántí mọ́. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ọkọ mi kó ààrò èédú àti ìṣáná kúrò nílẹ̀, ó gbé wọn fún ará ilé kan kí ó bá a tì wọ́n mọ́lé. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n kò sí ohun mìíràn tí òun lè ṣe.

Mo ń wo ẹnu rẹ̀ bí ó ṣe ń sọ ọ́. Gíláàsì wà láàárín wa. Mo ní kí ó máa tọ́jú Màmá.

Mo pinnu pé bí ọmọ bá ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, mo máa sọ ọ́. Ni ibà bá dé. Egbò ti ní àrùn, ọmọ ń gbóná, kò jẹun. Mo ní kí ibà yìí lọ ná. Ibà lọ. Wọ́n wá ní àfi kí wọ́n bó awọ díẹ̀ ní itan rẹ̀ kí wọ́n fi bo apá. Mo ní kí awọ náà lẹ̀ ná. Awọ lẹ̀. Mo wá rí i pé kò sí ọjọ́ tí kò ní ohun tí mo máa fi sá. Ìyá kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì sí tiwa, ẹja ló ń yan ní Jamestown. Ọmọkùnrin rẹ̀ ṣubú lu ààrò ẹja. Nígbà tí Oníbéèrè bi í, mo gbọ́ tí ó ní òun ló sùn lọ, òun ló yẹ kí ó máa wo ọmọ. Ó sọ ọ́, ó sunkún díẹ̀, ó jẹun. Mo jowú rẹ̀ débi pé mi ò lè bá a sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ yẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Oníbéèrè tún dé. Ìbéèrè kan náà ni, ó kàn tò wọ́n lọ́nà mìíràn. Ìkòkò wà níbo sí ẹnu ọ̀nà? Báwo ni ó ṣe jìnnà sí ògiri tó? Ṣé Màmá ti sọ ìdí tí ó fi gbé e síbẹ̀? Mo dáhùn gbogbo rẹ̀ láìdúró. Mo ti múra sílẹ̀ fún un lórí bẹ́ńṣì, nígbà tí mò ń gbọ́ igbe ọmọ mi. Nígbà tí ó ń pa fáìlì dé, mo bi í ohun tí wọ́n máa fi gbogbo èyí ṣe.

Ó ní wọ́n máa kó o pọ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ yòókù. Bí wọ́n bá rí i pé ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n á mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún àwọn ìyá ní ibi tí wọ́n ti ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́. Ó ní fún àpẹẹrẹ, bí ó bá jẹ́ pé lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà tí ń gbàgbé nǹkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń jóná, wọ́n lè máa gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí wọ́n má fi ọmọ sílẹ̀ fún wọn nítòsí iná.

Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́ ni, ó kàn ń dáhùn ìbéèrè mi. Mo rí àwọn ìyá àgbà gbogbo Àkrà lójú mi, lórí àpótí ìjókòó wọn, tí wọ́n ń gba ọmọ kúrò lọ́wọ́ wọn. Mo la ẹnu. Nọ́ọ̀sì mìíràn pè mí pé kí n wá gbé ọmọ, wọ́n ti tú u tán. Mo dìde.

Nígbà tí a délé, mo rò pé inú mi á fẹ́ẹ́rẹ́ nítorí afẹ́fẹ́ àti oòrùn. Ilé náà ló wá há jù. Màmá jókòó sí ọ̀ọ́kán, kò sún mọ́ wa. Ọmọ sáré lọ bá a, bí ó ti máa ń ṣe, ó na apá tí ó wà nínú báńdéèjì sí i. Màmá ká ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ sábẹ́ ìró, kò gbà á mọ́ra. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wá kí wa, Màmá á kọ́kọ́ sọ fún un pé òun ni òun sun ọmọ ọmọ òun. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ orúkọ ara rẹ̀. Ó rù. Kò bu iyọ̀ sí nǹkankan mọ́, kò wọ ibi ìdáná.

Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń na apá ọmọ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, kí awọ má baà fà á kò. Mo máa fi orúnkún di ara rẹ̀ mú, mo máa fa apá náà títí, mo máa kà dé ogún, á máa ké. Màmá á dìde, á jáde lọ sí ojú títì, á dúró síbẹ̀ títí a ó fi parí. Mo rí i lójoojúmọ́. Èmi ni mo lè dá a padà sínú ilé, mi ò sì dá a padà.

Oṣù mẹ́ta pé. Oníbéèrè dé ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ọkọ mi wà nílé. Ó wọn gíga tábìlì, ó wọn ẹnu ọ̀nà ibi ìdáná, ó kọ wọ́n sílẹ̀. Ó wo apá ọmọ, ó ní ó ń nà dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó ní òun fẹ́ gbọ́ lẹ́nu Màmá fúnra rẹ̀, nítorí pé ìwádìí fẹ́ kí wọ́n bá ẹni tí ó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Twi tí Màmá gbọ́ jẹ́ ti ọjà, ti iye owó àti ẹ̀dínwó. Oníbéèrè bá ní kí n máa bá àwọn túmọ̀ rẹ̀.

A dúró lẹ́nu ọ̀nà ibi ìdáná. Ọkọ mi jókòó sórí àtẹ̀gùn yàrá, ọmọ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Oníbéèrè ní kí Màmá fi bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ han òun. Mo sọ ọ́ fún un ní Yorùbá. Màmá wọ ibi ìdáná fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta.

“Aṣọ ni mo fi di ìkòkò náà mú,” ó ní. “Aṣọ aláwọ̀ aró kan.”

Mo túmọ̀ rẹ̀.

“Ó wúwo. Orúnkún ń dùn mí. Mo ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀ ná kí n sinmi.”

Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Màmá rìn gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ wá sí ẹnu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí ó gbé ohun gbígbóná, ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra gbé ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Apá òsì ló gbé e sí. Apá ọ̀tún ni mo gbé ìkòkò sí. A kò ní aṣọ aláwọ̀ aró kankan ní ibi ìdáná wa. Ó ti jókòó oṣù mẹ́ta, ó ti ń wá ìgbà tí òun ṣe é nínú orí ara rẹ̀, nígbà tí kò rí i, ó ti hun ún. Ó ṣì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, kò lè dìde fúnra rẹ̀. Oníbéèrè ń dúró de ìtumọ̀.

“Kì í ṣe òun,” mo wí ní Twi. “Èmi ni mo gbé ìkòkò sílẹ̀. Màmá wà nídìí ẹ̀rọ omi. Kò sí níbí rárá.”

Mi ò wo ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọkọ mi gbọ́. Twi yé e ju èmi lọ. Mo fa Màmá dìde. Ó ń wo ẹnu wa, kò mọ ohun tí mo sọ.

Oníbéèrè gbé bíìrò sókè. Ó bi mí ṣé kí òun kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣí fáìlì sí ojú ìwé tí mo kọ́kọ́ dáhùn ní wọ́ọ̀dù, ó fi bíìrò fa ìlà kan ṣoṣo la ohun tí ó ti kọ tẹ́lẹ̀, ó kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kọ ọjọ́ sí i, ó bọwọ́ lù ú, ó ní kí èmi náà bọwọ́ lù ú. Mo lè ka ti àkọ́kọ́ síbẹ̀ lábẹ́ ìlà náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fa ojú ìwé náà ya. Ó ní wọn kì í fa nǹkan ya nínú iṣẹ́ tiwọn, wọn kì í sì í pa á rẹ́. Ẹni tí ó bá kà á gbọ́dọ̀ rí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ àti ohun tí wọ́n wá sọ. Kò bá mi wí. Ó kí mi, ó kí Màmá, ó lọ.

Ọkọ mi gbé ọmọ fún mi, ó jáde. Ó padà nígbà tí wọ́n ń tan iná ìta. Ó dúró, kò jókòó.

“Mo gba ìṣáná lọ́wọ́ ìyá mi,” ó ní. “O wà lẹ́yìn gíláàsì yẹn, mo ń sọ ọ́ fún ẹ, ò ń wò mí.”

Mo kúnlẹ̀, ó ní kí n dìde. Ohun tí ó kù nínú oṣù yẹn, bí ọmọ ti ṣe jí àti bí ó ṣe jẹun nìkan ló ń bá mi sọ. Mi ò lè bínú sí i. Ó padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò láàárín wa pátápátá. Bí mo bá sọ fún un pé mo ti ṣe nǹkan báyìí, ó máa ń dúró díẹ̀ kí ó tó gbà. Ó lọ gba ààrò lọ́wọ́ ará ilé fúnra rẹ̀. Ó kó búlọ́ọ̀kù wá, ó mọ ibi tí a lè máa gbé ìkòkò lé, tí ó ga dé àyà mi.

Òun ló sọ fún Màmá. Mo wà níbẹ̀. Ó sọ ọ́ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ gbé e, ìyàwó yín ló gbé e, ó sì purọ́ mọ́ yín. Màmá gbọ́ ọ parí. Ó wá na ọwọ́, ó fi pa mí lórí. Ó ní àánú òun ló ń ṣe ìyàwó òun yìí, ó fẹ́ gba ẹ̀bi lọ́rùn òun. Ó ní òun rántí gbogbo rẹ̀. Aṣọ aláwọ̀ aró ni.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń jẹ́wọ́ fún un. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ó máa ń gbà mí gbọ́. Mo máa ń rí i lójú rẹ̀ bí ara ṣe ń tù ú. Á pe ọmọ, á gbé e sí itan, á máa fi ìka ra ojú àpá náà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á ti gbàgbé. Ohun tí mo sọ nìkan ló máa ń gbàgbé. Ohun tí òun rò pé òun ṣe kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo bi dọ́kítà kan léèrè, ó ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí nígbà míì, ohun tí ó bá ti wọra pẹ̀lú ìbànújẹ́ máa ń pẹ́ kó tó kúrò. Ó ní kí n máa ní sùúrù. Mo máa ń jókòó tì í láàárọ̀ kí n tó lọ sí Kantamanto, mo máa sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀: ṣòkòtò tí ó wà lórí tábìlì, fóònù tí ó dún, ẹ̀rọ omi tí ẹ wà nídìí rẹ̀. Ojú ń tì mí lákọ̀tun ní gbogbo ìgbà. Mo rò pé ó máa mọ́ mi lára. Kò tíì mọ́ mi lára.

Ọmọ ti wà nílé ìwé báyìí. Apá rẹ̀ ń nà tán, àfi ní ìgbọ̀nwọ́ tí ó kù díẹ̀ káàtó. Kò rántí kókò náà. Bí wọ́n bá bi í léèrè nípa àpá, á ní ìgbà tí òun wà lọ́mọdé ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí mo parí ọ̀rọ̀ mi, Màmá bi mí ní ohun tí kò bi mí rí láti gbogbo ọdún yìí wá.

“Kí ló dé tí o fi ní èmi ni?”

“Ẹ̀rù ọmọ yín ló bà mí, Màmá.”

Ó rò ó. Ó ní ẹ̀rù bàbá ọkọ mi ba òun náà nígbà ayé rẹ̀, òun sì purọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan, kò mọ̀ títí ó fi kú. Mo ní kí ni ẹ purọ́ lé lórí. Ó wo ojú mi, ó ń wá a. Mo rí i pé kò rí i mọ́. Ó ní kí n dìde, kí n má pẹ́ sọ́jà, ọkọ̀ á ti kún.